Philip Doddridge: olùkọ́ Northampton tó lọ kú sí Lisbon

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ orin “Ọjọ́ ńlá l'ọjọ́ tí mo yàn” lórí. Philip Doddridge, oníwàásù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ ọ́. (Ègbè rẹ̀ tí a máa ń fi gbogbo agbára gbé yẹn kì í ṣe tirẹ̀ o, àwọn ará ẹ̀yìn ló fi kún un.) Ṣùgbọ́n orin kọ́ ni olórí iṣẹ́ rẹ̀. Ó kàn ń kọ orin láti fi kín ìwàásù lẹ́yìn ni. Ọdún 1755, nígbà tó ti di olóògbé, ni Job Orton, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́, tó kó wọn jọ sínú ìwé. Iṣẹ́ tó jẹ gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ni iṣẹ́ olùkọ́, ibẹ̀ ni a ó sì dúró lé jù.

Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 26, oṣù kẹfà, ọdún 1702. Òun ni ìkẹyìn nínú ọmọ 20 tí ìyá rẹ̀ bí. Wọ́n ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé òkú ọmọ ni, kí ẹnìkan tó rí i pé ó ń mí. Baba ìyá rẹ̀ sá kúrò ní Prague nítorí ẹ̀sìn Pùròtẹ́sítáǹtì. Kí Philip tó mọ ìwé kà rárá, ìyá rẹ̀ ti ń fi àwòrán orí àwọn táìlì ilẹ̀ Dutch tó yí ibi ìdáná wọn ká kọ́ ọ ní ìtàn Bíbélì. Kò tíì pé ọmọ ọdún 14 tí ìyá àti baba fi lọ tán. Obìnrin ọlọ́lá kan, Duchess ìlú Bedford, ní òun á rán an ní yunifásítì bó bá máa wọ ìjọ Áńgílíkà. Ó kọ̀. Ẹni tí kò bá sì gba ìgbàgbọ́ ìjọ náà kò lè gboyè ní Oxford tàbí Cambridge nígbà náà, nítorí náà ilé ẹ̀kọ́ John Jennings ní Kibworth ló lọ. Ibẹ̀ náà ló ti di oníwàásù ní 1723.

Ọdún 1729 ló dá ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Market Harborough. Ní òpin ọdún yẹn kan náà, ìjọ Castle Hill ní Northampton pè é, ó sì kó ilé ẹ̀kọ́ lọ síbẹ̀. Fún nǹkan bí ọdún 22, nǹkan bí 200 akẹ́kọ̀ọ́ ló gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá.

Ẹ jẹ́ ká wo bó ṣe ń kọ́ wọn. Ohun àkọ́kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ tuntun máa kọ́ ni ọ̀nà ìkọ̀wé àkékúrú (shorthand) tí Jeremiah Rich gbé kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ ṣe kọ gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ló sì máa fọwọ́ ara rẹ̀ dà á kọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n kà, kò ní ìwé nìyẹn. Níbi àdúrà òwúrọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kan á ṣí Májẹ̀mú Láéláé lédè Hébérù, á máa túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì lójú ẹsẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, Májẹ̀mú Tuntun lédè Gíríìkì ló kàn. Bí kíláàsì bá bẹ̀rẹ̀, ìbéèrè lórí ẹ̀kọ́ tó kọjá ló ṣáájú. Lẹ́yìn náà ni olùkọ́ á gbé kókó tuntun kalẹ̀: á sọ ohun tó jẹ́, á mú ẹ̀rí wá, á mú àtakò wá, á sì dárúkọ àwọn òǹkọ̀wé tó wà ní ìhà méjèèjì. Ilé ìkàwé ló kù. Kí wọ́n lọ ka ẹni tó gbà àti ẹni tó kọ̀, kí wọ́n wá jẹ́ iṣẹ́ ohun tí wọ́n rí. Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń kọ́ wọn, nígbà tí Látìn ṣì ni àṣà ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga, ẹnikẹ́ni sì lè dá a dúró láti béèrè ọ̀rọ̀. Ẹ̀kọ́ 230 ni gbogbo rẹ̀. Ọdún 1763 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde.

Wàhálà kò ṣàì wá. Ní 1733, wọ́n pè é lẹ́jọ́ ní ilé ẹjọ́ ìjọ Áńgílíkà pé ó ń kọ́ni láìgba ìwé àṣẹ. Ọba George Kejì ló ní kí wọ́n dá ẹjọ́ náà dúró. Ẹ̀sùn tó le jù ti ọ̀dọ̀ àwọn tiwọn tí kò sí nínú ìjọ Áńgílíkà wá: pé ẹni tó bá gbé àtakò fún ọmọdé láti kà, òun ló ń mú un ṣìnà. Kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn, torí àwọn kan nínú ọmọ ilé ẹ̀kọ́ náà padà kúrò lórí ẹ̀kọ́ Mẹ́talọ́kan. Síbẹ̀, ẹni tí kò gbọ́ àtakò rí, ọjọ́ tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ ló máa ṣubú. Ẹ̀yìn Doddridge ni mo wà lórí èyí.

Aago 5 ìdájí ló ń jí. Ó ṣírò rẹ̀ nínú ìwé àlàyé Májẹ̀mú Tuntun rẹ̀, tó ní ìdìpọ̀ 6: ẹni tó bá ń jí ní aago 5 dípò aago 7 fún 40 ọdún, ó jèrè ọdún 10. Ẹ wò ó: wákàtí 2 lójúmọ́ fún 40 ọdún jẹ́ 29,200. Bí wákàtí 8 bá jẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ kan, ọjọ́ 3,650 nìyẹn. Ìṣirò náà pé, àmọ́ kò yọ ohun tí ara máa gbà padà.

Ní oṣù kejìlá 1750, ó lọ sí St Albans láti wàásù ìsìnkú Samuel Clark, ẹni tó ṣe bíi baba fún un lẹ́yìn tó di ọmọ òrukàn. Òtútù mú un lọ́nà, ikọ́ náà kò sì lọ mọ́: ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Ní ọjọ́ 14, oṣù keje, 1751, ó wàásù ìkẹyìn fún ìjọ rẹ̀ láti inú Róòmù 14:8. Àwọn dókítà ní kó lọ síbi tó móoru, ìyẹn Lisbon ní ilẹ̀ Pọ́túgà. Kò lówó ọkọ̀. Obìnrin ọlọ́lá kan, Countess ti Huntingdon, àtàwọn ọ̀rẹ́ ló dá a jọ. Doddridge ní ọ̀run kò jìnnà sí Lisbon ju bó ṣe jìnnà sí yàrá ìkàwé òun ní Northampton lọ.

Ní ọjọ́ 30, oṣù kẹsàn-án, òun àti Mercy ìyàwó rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Falmouth. Ọ̀gá ọkọ̀ fi yàrá tirẹ̀ sílẹ̀ fún un. Orí àga ló ń jókòó sí ní ọ̀pọ̀ wákàtí ọjọ́, ó ń sọ fún Mercy pé ayọ̀ tó ń bá òun níbẹ̀ kọjá ohun tí ẹnu lè ròyìn. Ọjọ́ 13, oṣù kẹwàá, ni wọ́n gúnlẹ̀, àsìkò òjò sì bá wọn níbẹ̀. Ní ọjọ́ 24, ìgbẹ́ gbuuru tán ìwọ̀nba agbára tó kù. Ní nǹkan bí aago 3 òru ọjọ́ 26, ó dákẹ́. Ọmọ ọdún 49 ni. (Kàlẹ́ńdà àtijọ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn, ọjọ́ 6 oṣù kọkànlá ni lójú àwọn ará Lisbon.) Ó ti ní kí wọ́n yẹ ara òun wò lẹ́yìn ikú. Egbò ti bo ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ débi pé ó ya àwọn tó rí i lẹ́nu bó ṣe ń sọ̀rọ̀ láìjẹ ìrora jù bẹ́ẹ̀ lọ. Itẹ́ òkú àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Lisbon ni wọ́n sin ín sí.

Ó ti dárúkọ arọ́pò sínú ìwé ìhágún rẹ̀: Caleb Ashworth, oníwàásù Daventry. Ashworth kò fi ìjọ rẹ̀ sílẹ̀, nítorí náà ilé ẹ̀kọ́ ló kó lọ bá a ní 1752. Ohun kan ṣoṣo ló bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń ṣètò gbogbo nǹkan yìí. Owó ọdọọdún wà tó yẹ kí opó rẹ̀ máa gbà, àmọ́ nítorí pé ẹ̀yìn odi ló kú sí, owó náà wọgbó. Àwọn ọ̀rẹ́ ló tún dáwó fún Mercy. Ó gbé ayé títí di 1790.