Ta Ni A Ń Fi Ṣe Ẹ̀rín? Obìnrin Nínú Àwàdà Wa

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi. Ẹ ti rí ìyá tó ró ìró mọ́ àyà, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í jìnnà sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ. Maryam Apaokagi, apanilẹ́rìn-ín inú fídíò orí ayélujára tí gbogbo wa mọ̀ sí Taaooma, ni ìyá náà. Òun náà ni ọmọ tó jẹ ìgbájú, òun náà sì ni bàbá tó jókòó sí pálọ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń ṣì í rèé, n ó sì dúró níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti rí obìnrin tó ń ṣe bí ìyá oníbìínú, wọ́n á ní ó ń fi obìnrin ṣe yẹ̀yẹ́, pé ó ń ba iṣẹ́ àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ obìnrin jẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀! Ẹ kọ́kọ́ béèrè pé: TA NI A Ń FI ṢE Ẹ̀RÍN? Mi ò béèrè ẹni tí wọ́n ń sín jẹ o. Ìyá inú fídíò yẹn ló ni àṣẹ. Ó ti mọ irọ́ kí ọmọ tó pa á tán. Ọmọ tó rò pé òun gbọ́n ju ìyá òun lọ ni à ń fi ṣe ẹ̀rín.

Ẹ wá wo àwàdà tí ọkùnrin ti wé gèlè, tó di aṣọ sí ìdí, tó ń jùdí níwájú èrò. Nínú ọ̀pọ̀ irú rẹ̀, ara obìnrin fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rín, obìnrin náà kò sì ní ọ̀rọ̀ gidi kan tó máa sọ. Ẹ má kó Gẹ̀lẹ̀dé, ijó eégún tí a fi ń yẹ́ àwọn ìyá sí, mọ́ ọn o! Lóòótọ́, ọkùnrin ló ń gbé Gẹ̀lẹ̀dé, ó sì ń de ọmú àti ìdí mọ́ra, ṣùgbọ́n ẹ̀yẹ àwọn ìyá wa ni. Ní òru, Ẹ̀fẹ̀, akọrin Gẹ̀lẹ̀dé, á kọ́kọ́ júbà àwọn ìyá, lẹ́yìn náà ni yóò wá fi orin bú àwọn tó ń ba ìlú jẹ́, láìwo ojú ọlọ́lá. Ní ọdún 2008, UNESCO kọ Gẹ̀lẹ̀dé mọ́ àwọn àjogúnbá àgbáyé fún Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò.

Nígbà tí Phyllis Diller, apanilẹ́rìn-ín obìnrin ará Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ àwàdà orí ìtàgé ní San Francisco ní ọdún 1955, ẹni ọdún 37 ni. Aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ ló ń wọ̀ láti fi ìrísí ara rẹ̀ pamọ́, kí ó lè máa fi ara náà ṣe àwàdà. Ó dùn mí pé obìnrin ní láti sọ ara rẹ̀ di aláìrẹwà kí wọ́n tó bá a rẹ́rìn-ín. Ní tiwa, ipò ìyá gan-an ni Taaooma ń lò.

Àwàdà obìnrin kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lórí fóònù. Ìyá bàbá mi kò gun orí ìtàgé rí, ṣùgbọ́n bí ó bá jókòó sí ìdí ọlọ, tó dá orin, orogún rẹ̀ ní yàrá kejì á mọ̀ pé òun ni orin náà ń bá wí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Bàbá àgbà pàápàá kì í yè é. A ó máa rẹ́rìn-ín títí ata á fi kúnná.

Ní ti àwọn tó ń sọ pé àwàdà kì í ṣe iṣẹ́ obìnrin tó níyì, ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká yára kọjá: Helen Paul, tó fi ohùn ọmọdé di Tatafo lórí rédíò, gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Èkó ní ọdún 2019. Ohùn ọmọdé yẹn ló fi ń sọ ohun tí wọ́n máa pe àgbàlagbà obìnrin ní aláfojúdi bó bá sọ ọ́.

Ẹ lọ wo fídíò àwàdà kan ní alẹ́ òní, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tí wọ́n fi ṣe ẹ̀rín síbí. Bó bá jẹ́ ìyá náà ni, ẹ sọ fún mi bóyá òun ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.