Aṣọ Àwọ̀sùn Kẹta

Ẹ kú ojúlọ́nà mi o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́. Bí ẹ bá ń gbọ́ ohun kan tó ń kùn lẹ́yìn mi, ẹ má bínú, ẹ̀rọ ìfọṣọ ni. Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà, nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Aago méjì òru ti lù níbí ní Bristol, àwọn arúgbó mi ti sùn, aṣọ ibùsùn wọn ló ń yí nínú ẹ̀rọ.

Àwọn tó ti ń bá mi bọ̀ mọ̀ pé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni oúnjẹ mi. Ìwé Kọ́lá Akínlàdé ló kó mi sí i nílé ẹ̀kọ́ girama. Mo débí tán, mo bọ́ sọ́wọ́ irú kan tí kì í tán ní láíbìrì wọn: ìtàn ìpànìyàn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, tó jẹ́ pé obìnrin ló ń tú àṣírí. Ẹ mọ̀ ọ́n. Opó kan tó rí jẹ, tàbí ọmọ olówó tí kò tíì lọ́kọ, kọ́sẹ́ẹ̀tì fún un láyà, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin ń dúró dè é níta, àwọn ọlọ́pàá sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí ìwé fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Mo ti ka nǹkan bí ogójì. Kò tíì sú mi.

Àwọn kan máa ń sọ pé irọ́ gbuu ni, pé kò sí obìnrin ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ láyé ìgbà náà. Ní ti òfin, wọn ò jayò pa. Ọkùnrin mẹ́jọ ni wọ́n fi dá ẹ̀ka ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ sílẹ̀ ní Scotland Yard, olú ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dún 1842. Láti 1864 ni ìtàn obìnrin ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti ń jáde lórí àtẹ ní Lọ́ńdọ̀nù, bẹ́ẹ̀ ó di 1915 kí Edith Smith, ní ìlú Grantham, tó di obìnrin ọlọ́pàá tó láṣẹ láti mú èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ kan wà tí mo kà nípa rẹ̀ láìpẹ́ yìí, òótọ́ ni, kì í ṣe àròsọ, òun ni kò jẹ́ kí n gbádùn láti ọjọ́ mélòó kan.

Òru ọjọ́ 29 mọ́jú ọjọ́ 30 oṣù kẹfà, ọdún 1860, ní abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Road. Ọmọkùnrin kan, Saville Kent, kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́rin. Ẹnì kan gbé e lórí ibùsùn. Inú ṣáláńgá tó wà lọ́gbà ni wọ́n ti bá òkú rẹ̀, wọ́n ti dú u lọ́rùn. Wọ́n rán Jonathan Whicher wá láti Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́jọ ìjọ́sí. Ojú rẹ̀ lọ sára Constance, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tí òun àti ọmọ náà jọ jẹ́ ọmọ bàbá kan náà.

Kí ló rí? Aṣọ àwọ̀sùn tí kò sí. Mẹ́ta ni Constance ní, méjì ló kù. Ìwé tí wọ́n ń kọ aṣọ ìfọ̀ sí nínú ilé ní ẹ̀kẹta ti lọ sọ́dọ̀ alágbàfọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ìyáàfin Holley, alágbàfọ̀, ní òun tú apẹ̀rẹ̀, òun ò bá a níbẹ̀.

Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ bí Whicher ṣe tò ó. Aṣọ tó lẹ́jẹ̀ ti di àwátì. Kí iye má baà tú àṣírí, ó gbọ́dọ̀ dà bíi pé ọwọ́ alágbàfọ̀ ni ọ̀kan ti sọnù. Nígbà tí ọmọ ọ̀dọ̀ ti ka aṣọ sínú apẹ̀rẹ̀ tán, Constance yọjú. Ó ní kó bá òun wo àpò yẹ̀rì òun bóyá pọ́ọ̀sì òun wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ní kó lọ bu omi mímu wá fún òun. Whicher ní kí omi tó dé, ọmọ yìí ti yọ aṣọ àwọ̀sùn kan jáde, aṣọ tí kò ní àbàwọ́n kankan.

Mo pa ìwé dé níbẹ̀ yẹn.

Lọ́dún tó kọjá, súwẹ́tà màmá kan sọnù níbi iṣẹ́. Aláwọ̀ àlùkò, bọ́tìnnì funfun mẹ́fà. Ọmọ màmá wá, ọ̀gá ló ń bá sọ̀rọ̀, èmi ló ń bá wí. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí: súwẹ́tà wọ yàrá ìfọṣọ, kò jáde, ta ni kò mọ̀ pé adúláwọ̀ tó ń fọṣọ lóru ló gbé e? Wọ́n ní kí n ṣí báàgì mi. Mo ṣí i. Abọ́ ìrẹsì, ìbọ̀sẹ̀, ìwé kan. Obìnrin oníkọ́sẹ́ẹ̀tì ló wà lẹ́yìn ìwé náà, ó gbé fìtílà dání. Ọ̀gá wo ìwé, ó wò mí. Ẹ̀rín ń gbọ̀n mí, ẹkún ń gbọ̀n mí. Ọjọ́ kẹta ni mo bá súwẹ́tà lọ́rùn bàbá kan lókè, ó dì í ní bọ́tìnnì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó ní ó móoru. Lébẹ́ẹ̀lì orúkọ ti ṣí dànù lára rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé pẹ̀lẹ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Road. Àwọn ọlọ́pàá àdúgbò ti rí aṣọ àwọ̀sínú obìnrin kan tó lẹ́jẹ̀ nínú ihò ààrò ilé ìdáná. Wọ́n gbà pé ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù ni, ojú tì wọ́n, wọ́n gbé e mọ́ra. Wọn ò sọ fún Whicher! Odidi ọkùnrin, ẹjọ́ ìpànìyàn lọ́wọ́, ìtìjú aṣọ obìnrin ò jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Nínú ṣáláńgá, wọ́n tún rí aṣọ òtútù kan tí obìnrin ń gbé sí àyà lábẹ́ ẹ̀wù. Ta ni wọ́n gbé e fún? Ìyáàfin Dallimore, ìyàwó kọ́ńsítébù kan, òun ni wọ́n ń pè bí ó bá di pé kí wọ́n tú ara obìnrin wò. Ó ní kí àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ilé náà wọ̀ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ wò ó, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nìyẹn! Kò kàn sí nínú àwọn mẹ́jọ ni.

Àwọn adájọ́ tú Constance sílẹ̀. Ìwé ìròyìn bú Whicher bíi kó máa bọ̀: ta ni ọmọ tálákà láti fẹ̀sùn kan ọmọ olówó? Ọdún 1865 ni Constance fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́. Ó ní òun fọ aṣọ àwọ̀sùn náà, ṣùgbọ́n nígbà tí òun gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, àbàwọ́n ṣì ń hàn, lòun bá sun ún. Ó fi ogún ọdún ṣẹ̀wọ̀n, ó ré kọjá sí Ọsirélíà, ó sì pé ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó kú lọ́dún 1944.

Àbàwọ́n ṣì ń hàn. Ẹ bi mí. Bí ẹ bá fi omi gbígbóná kan ẹ̀jẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ó ti sè mọ́ aṣọ nìyẹn. Omi tútù, iyọ̀, sùúrù.

Ìjà tí mo bá àwọn ìwé mi ń jà nìyí. Alágbàfọ̀ a wọlé lójú ewé kan, a ju ẹ̀rí sílẹ̀, a bá ẹ̀yìnkùlé lọ, ọmọ olówó á wá gbé e dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, òun ni wọ́n máa pàtẹ́wọ́ fún. Ẹ kọ èyí tí Ìyáàfin Holley ń ṣe ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ fún mi, kí ọṣẹ máa hó lápá rẹ̀. Màá fi owó mi rà á, n kò ní dúró de láíbìrì.

Ní tèmi, láti ọ̀rọ̀ súwẹ́tà yẹn, n kì í bu ọwọ́ lu ìwé tí a ń kọ aṣọ ìfọ̀ sí lásán mọ́. Ẹnu ọ̀nà ni èmi àti ẹni tó kó aṣọ wá ti ń jọ kà á, lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí n lọ bu omi wá fún òun, màá ní kó jẹ́ ká jọ lọ.

Ẹ̀rọ ti dúró. Ẹ jẹ́ kí n lọ kó aṣọ.