Bí Aláró Ṣe Ń Rẹ Aṣọ Ni Mo Ṣe Ń Ṣe Ọ̀pá Iṣan Ẹ̀jẹ̀

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Láti Òṣogbo, ìlú aró, ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ ti béèrè fídíò yìí títí: báwo ni mo ṣe ń fi pólímà, ìyẹn irú ike kan, ṣe ọ̀pá tí sẹ́ẹ̀lì máa gbé inú rẹ̀ di iṣan ẹ̀jẹ̀? Ó yá. Ti yàrá ìwádìí lèyí o, a kì í fi í sára èèyàn.

PCL rèé, pólímà tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ara, ó funfun bí ìlẹ̀kẹ̀. Gíráàmù 1 sínú mílílítà 10 chloroform, kẹ́míkà olómi tó ń yọ́ ọ, nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ń fa èéfín jáde. Ìbòmú aláṣọ ò lè gbà yín lọ́wọ́ chloroform! Ẹ máa rò ó títí yóò fi mọ́ gaara, tí yóò ki bí ẹ̀kọ mímu. Iyọ̀ tí mo lọ̀ kúnná, tí mo sì jọ̀, ló kàn, mo rò ó pọ̀ mọ́ ọn. Ibi tí iyọ̀ bá wà lónìí ni ihò máa wà lọ́la, ibẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì máa gbà wọlé.

Irin mìlímítà 4 rèé. Àṣírí mi nìyí: mo ti fi omi ṣúgà kùn ún lára, ó sì ti gbẹ. Chloroform ò rí ṣúgà yọ́. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ẹ ti irin bọ inú rẹ̀, ẹ fà á jáde pẹ̀lẹ́, ẹ dá a dùbúlẹ̀, kí ẹ sì máa yí i. Ó gbẹ? Ẹ tún rò ó, torí iyọ̀ máa ń rẹlẹ̀, kí ẹ tó tún irin tì bọ̀ ọ́. Àwọn ìyá aláró wa kì í tún aṣọ tì bọ ìkòkò láì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i. Bákan náà lèyí: bí ìpele àkọ́kọ́ ò bá gbẹ, chloroform tuntun á yọ́ ọ kúrò. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo máa ń ṣe é.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ẹ̀rọ ìgbẹrun sún mọ́ ọn! Ọmọ kan tí mo kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ó ní òun ń yára. Nǹkan bíi 60°C ni PCL ti ń yọ́. Ihò dí, ọ̀pá wó. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í sè láti pa kòkòrò ara rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n kan kọ ọ́ sábẹ́ fídíò tó kọjá pé, bó bá yọ́ tán nínú ara, ṣé ẹ̀jẹ̀ ò ní tú dànù? Ẹ̀gbọ́n mi, ìbéèrè gidi ni. Bó ṣe ń lọ ni sẹ́ẹ̀lì ń mọ ògiri tirẹ̀. PGA, pólímà mìíràn, kì í pẹ́, ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni agbára rẹ̀ ti ń tán. PCL lè lò ju ọdún 2 lọ. Ìyẹn la ṣe ń lo wọ́n pọ̀. Lọ́dún 1999, àwọn dókítà ní Jàpáàn so PCL àti PLA, pólímà mìíràn tó ń yọ́ nínú ara, di ọ̀kan, wọ́n fi PGA híhun gbé e ró, wọ́n gbin sẹ́ẹ̀lì ọmọ náà fúnra rẹ̀ sí i, wọ́n sì fi rọ́pò iṣan tó ń gbẹ́jẹ̀ lọ sí ẹ̀dọ̀fóró ọmọbìnrin ọlọ́dún 4. Tiwọn tóbi ju èyí lọ o. Nínú iṣan ńlá, Dacron, ọ̀pá aṣọ ike tí kì í yọ́, ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Èyí tí kò tó mìlímítà 6 ni ẹ̀jẹ̀ máa ń dì sí, tí á sì dí i. Òun ni mo ń bá jà.

Ó kan omi: mo rì í sínú rẹ̀ kí iyọ̀ lè yọ́ jáde. Ọjọ́ méjì, mò ń pààrọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́. Mo máa ń kán silver nitrate sínú omi tó kẹ́yìn. Bó bá funfun, iyọ̀ ṣì kù.

Èyí tó ti wà níbẹ̀ láti ìjẹta rèé. Àbúrò, gbé kámẹ́rà sún mọ́ ọn. Ẹ wò ó, ó ń yọ̀ kúrò lára irin fúnra rẹ̀. Ṣúgà nìyẹn o!