Yàrá wo lẹ fẹ́ gbà nínú ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́, aṣọ wo lẹ sì fẹ́ dì?

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi ní Ìsàlẹ̀ Èkó, Yábàá, Súrùlérè, gbogbo yín pátá. Ẹ ti ń tu owó jọ fún kúrúùsì, ìrìn àjò ìgbafẹ́ lórí òkun, àbí? Ẹ ó wọ bàálù ní Ìkẹjà lọ sí Barcelona, Southampton tàbí Miami kẹ́ ẹ tó rí ọkọ̀ náà sójú. Ọ̀rọ̀ físà àti tíkẹ́ẹ̀tì, mo gbà pé ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ ṣáà rí i pé ẹ ti dé ìlú náà ní ọjọ́ kan ṣáájú, torí ọkọ̀ kì í dúró de ẹni tí bàálù rẹ̀ pẹ́.

Ó yá, yàrá. Oríṣi mẹ́rin ni. Èyí tó wà ní inú, tí kò ní fèrèsé. Èyí tó ní fèrèsé, àmọ́ tí fèrèsé náà kì í sábà ṣeé ṣí. Èyí tó ní bákónì. Lẹ́yìn náà súùtì, yàrá ńlá àwọn olówó, tẹ́ ẹ bá sì lówó súùtì, ẹ máa fàájì yín lọ, ẹ ò nílò mi.

Yàrá inú ló dínwó jù. Ṣé ẹ mọ ilé face-me-I-face-you ní Múṣin? Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọọrọ, ilẹ̀kùn sọ́tùn-ún, ilẹ̀kùn sósì. Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí, àfi pé kápẹ́ẹ̀tì wà nílẹ̀, balùwẹ̀ tiyín sì wà nínú yàrá. Ó fẹ̀ tó bí ẹsẹ̀ bàtà 10 ní ìbú, 16 ní gígùn. Tẹ́ ẹ bá paná, òkùnkùn biribiri ni, ẹ ò ní mọ̀ bóyá ilẹ̀ ti mọ́ tàbí òru ṣì ni. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní ìkànnì tẹlifíṣọ̀n kan tó ń fi iwájú ọkọ̀ hàn tọ̀sán tòru. Ẹ tan án sílẹ̀, kẹ́ ẹ pa ohùn rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń mọ́ níta ni yóò máa mọ́ nínú yàrá yín.

Wàyí o. Ẹ sún mọ́ bí, torí ibí ni gbogbo èèyàn ti ń ṣìṣe. Wọ́n á wo fọ́tò yàrá, wọ́n á wo iye owó, wọ́n á sanwó. Wọn ò ní wo ohun tó wà lókè orí wọn! Gbogbo ọkọ̀ ló ní máàpù àjà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìpele kọ̀ọ̀kan bíi ti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wá nọ́ńbà yàrá tí wọ́n fẹ́ fún yín. Ẹ ṣí máàpù àjà tó wà lókè rẹ̀, ẹ wo ibẹ̀ gan-an. Ẹ tún ṣí ti ìsàlẹ̀. Bó bá jẹ́ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ló wà lókè, ẹ sá! Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa làwọn òṣìṣẹ́ á ti máa wọ́ àga, irin lórí ilẹ̀, gbààà, gbààà, lórí àjà yín. Bó bá jẹ́ gbọ̀ngàn eré tàbí ilé ijó ló wà nísàlẹ̀, ìlù á máa lu bẹ́ẹ̀dì yín títí di ààjìn. Tẹ́ ẹ bá sì rí ibi funfun kan lórí máàpù tí wọn ò kọ nǹkan kan sí, ẹ má rò pé òfìfo ni. Ibi iṣẹ́ ni, ó lè jẹ́ ilé ìdáná, kẹ̀kẹ́ akẹ́rù á sì máa lọ, á máa bọ̀ lóru.

Ẹ jẹ́ kí n pariwo rẹ̀: YÀRÁ NI KÓ WÀ LÓKÈ YÍN, YÀRÁ NI KÓ WÀ NÍSÀLẸ̀ YÍN. Àárín yàrá méjì! Ẹ tún wo bóyá ilẹ̀kùn wà láàárín yàrá yín àti ti aládùúgbò, torí máàpù máa ń fi àmì sí i. Ilẹ̀kùn yẹn kì í dá ohùn dúró; bí ọmọ wọn bá ń sunkún, ẹ̀yin náà ò ní sùn.

Ó ku ọ̀rọ̀ èébì. Nínú dáńfó, ta ni gálọ́ọ̀pù máa ń sọ sókè jù? Ẹni tó jókòó sẹ́yìn, lórí táyà. Ẹni tó wà láàárín, díẹ̀ ló máa ń mọ̀ ọ́n lára. Ọkọ̀ ojú omi náà nìyẹn. Iwájú á gbéra, ìdí á rì, ìdí á gbéra, iwájú á rì, àárín nìkan ni kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò lójú kan. Bẹ́ ẹ bá sì ṣe ń gòkè sí i ni fífì ọ̀tún òun òsì ń pọ̀ sí i. Ọkọ̀ ńlá máa ń ní nǹkan bíi lẹbẹ ẹja lábẹ́ omi, tó ń dín fífì yẹn kù, ṣùgbọ́n kò rí nǹkan ṣe sí ti iwájú òun ìdí. Nítorí náà, tí òòyì bá máa ń kọ́ yín: ÀÁRÍN, NÍSÀLẸ̀. Yàrá inú tó wà láàárín nísàlẹ̀ dára ju bákónì tó wà ní ṣóńṣó iwájú lọ, kódà bí owó bákónì náà bá wálẹ̀. Oògùn òòyì ńkọ́? Ẹ lò ó kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Bí èébì bá ti dé, oògùn náà kò ní dúró nínú mọ́.

Àwọn kan á rí iye tó kéré kan, tí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ní àwọn fúnra wọn ló máa yan yàrá fún yín. Ẹni tí òòyì ń kọ́ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Bó bá sì jẹ́ yàrá onífèrèsé, ẹ béèrè bóyá ọkọ̀ ìgbẹ̀mílà dínà rẹ̀, kó má jẹ́ ìdí ọkọ̀ aláwọ̀ ọsàn lẹ ó máa wò dípò òkun. Bákónì? Ní Norway tàbí Alaska, tí ọkọ̀ ń gba àárín òkè kọjá, ẹ sanwó rẹ̀. Níbi tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ lẹ ó máa sọ̀kalẹ̀ sí èbúté, owó yẹn dára ní ọjà.

Aṣọ wá kàn. Ẹ̀yin ará Èkó, ẹ gbé àpótí mẹ́ta yẹn sílẹ̀! 23 kílò ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ bàálù ń gbà fún àpótí kan. Nínú alẹ́ 7, ọ̀kan tàbí méjì péré ló sábà máa ń jẹ́ alẹ́ aṣọ ńlá. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ló gba aṣọ ìbílẹ̀ nírú alẹ́ yẹn, ẹ ò nílò kóòtù kankan. Àmọ́ aṣọ òkè wúwo. Léèsì kan tó.

Ẹ má gbé áyọ́ọ̀nù. Ẹ MÁ GBÉ ÁYỌ́Ọ̀NÙ! Wọ́n ń bẹ̀rù iná, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín níbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹrù wò. Nítorí náà, ẹ má fi sítáàṣì sí ánkárá yín. Ẹ ká a róbótó, kó má bàa rún. Àdìrẹ tuntun tẹ́ ẹ rà, ẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, aró á gbà sára bẹ́ẹ̀dì funfun wọn. Bàtà onígìgísẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kò dára fún ilẹ̀ tó ń mì, ó sì máa ń há sáàárín pákó. Gèlè, abẹ́ òrùlé nínú ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ ti lò ó, torí afẹ́fẹ́ òkun ò mọ aṣọ olówó iyebíye. Ẹ mú swẹ́tà, AC ilé oúnjẹ wọn kò láàánú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn aṣọ tó dà bíi ti sójà, ẹ fi í sílé. Ní Barbados, Jamaica àti Trinidad, àwọn erékùṣù tí ọkọ̀ máa ń yà sí, òfin kò gbà kí aráàlú wọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá wọkọ̀, wọ́n á gba àpótí yín ní èbúté, ó sì lè di ìrọ̀lẹ́ kó tó dé yàrá. Aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́, oògùn, páásípọ́ọ̀tù, ṣájà: inú báàgì ọwọ́ ni kí wọ́n wà. Alẹ́ tó kẹ́yìn ńkọ́? Wọ́n á ní kẹ́ ẹ gbé àpótí síta ẹnu ọ̀nà, wọ́n á kó o lọ lóru. Ẹ yọ aṣọ tẹ́ ẹ máa wọ̀ láàárọ̀ àti bàtà rẹ̀ sọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó fa síìpù. Àìmọye èèyàn ló ti fi aṣọ ìwọ̀sùn àti sílípáàsì sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀.