Ọjọ́ Kìíní Oṣù Ni Mo Fi Ń Ka Tèmi

Ọ̀kun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Bí ẹ bá ń gbọ́ tí nǹkan ń dún gbà, gbà lẹ́yìn mi, àwọn ọmọ àdúgbò ló ń yin nọ́kaùtì. Kì í ṣe Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni mo wà lónìí. Ògìdì ni mo wà, nílẹ̀ Ìjùmú, nínú yàrá tí mo dàgbà sí. Aago mẹ́wàá alẹ́ ti lù kọjá, wọ́n ti mú iná lọ, fóònù mi ló ń tan ìmọ́lẹ̀ sí mi lójú. Ọ̀rọ̀ ìgbà tí nǹkan oṣù obìnrin ń lọ sópin, àti oògùn tí mò ń lò fún un, ni mo fẹ́ bá yín sọ.

Ọyẹ́ mú níbí. Láàárọ̀ àná, gbogbo ilé ló wọ súwẹ́tà, àbúrò mi ọkùnrin tiẹ̀ fi aṣọ ìbora wé orí. Èmi nìkan ni mo jókòó síta pẹ̀lú bùbá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí òógùn ń ṣàn láti ọrùn mi wá sí àyà. Ìyá mi wò mí, wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n dìde, wọ́n bu omi tútù sínú abọ́, wọ́n rẹ aṣọ kékeré kan sínú rẹ̀, wọ́n fún un, wọ́n tẹ́ ẹ sí mi lẹ́yìn ọrùn. Ìgbà yẹn ni wọ́n wá sọ pé, "Ó ti dé bá ìwọ náà."

Ìyá mi ní ọdún tí ìjọba yọ wá kúrò lára Kwara, tí wọ́n dá Kogi sílẹ̀, ni tiwọn bẹ̀rẹ̀. 1991 nìyẹn. Mo rántí ọdún yẹn. Mo rántí pé ìyá mi máa ń jí lóru lọ da omi sára lẹ́yìnkùlé, mo sì rántí bí wọ́n ṣe ń lo oògùn ibà léraléra. A rò pé ibà ni. Àwọn náà rò pé ibà ni. Oṣù mẹ́rin ni nǹkan oṣù wọn ò fi wá, wọ́n ti ń rò pé oyún ni, ojú ń tì wọ́n láti sọ fún bàbá mi. Àfi bó ṣe dé ní ọjọ́ ọjà, ní Kábbà, níbi tí wọ́n ti ń ta aṣọ tí wọ́n hun. Ọ̀kan nínú aṣọ títà yẹn ni wọ́n dì mọ́ ìdí wálé. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, àná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ. Ọdún yẹn gan-an ni nǹkan oṣù tèmi bẹ̀rẹ̀, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ìyá mi fún mi ní èédú, wọ́n ní kí n máa fa ìlà sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá yìí, ìlà kan fún ọjọ́ kan, kí n lè mọ ìgbà tó máa padà wá.

Kíka ọjọ́ yẹn ló wá dàrú mọ́ mi lọ́wọ́ ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn. Ọjọ́ 28 ni tèmi láti ilẹ̀. Ó di 24, ó di 41, ó tún di 66. Dókítà ní Leeds ò gba ẹ̀jẹ̀ lára mi. Ó ní ẹni tó bá ti lé ní ọdún 45, tí àmì sì ti hàn, àmì yẹn ti tó, nítorí pé họ́mọ̀nù, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń darí nǹkan oṣù, ń lọ sókè sódò lójoojúmọ́, àyẹ̀wò ọjọ́ kan ò lè sọ bó ṣe rí.

Wọ́n fún mi ní họ́mọ̀nù méjì: oestrogen, jẹ́ẹ̀lì tí mò ń fi pa itan láràárọ̀, àti progesterone tí mò ń gbé mì lálẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sí ibí yìí. Ẹni tó bá ṣì ní ilé ọmọ nínú kò gbọdọ̀ dá oestrogen nìkan lò. Oestrogen máa ń mú kí awọ inú ilé ọmọ nípọn, progesterone ló ń dí i lọ́wọ́. Tí èkíní bá ń ṣiṣẹ́ tí èkejì ò dé, awọ náà á máa nípọn sí i, ó sì lè di jẹjẹrẹ tó bá pẹ́.

Lórí ìwé tí wọ́n fún mi, wọ́n kọ ọ́ pé kí n bẹ̀rẹ̀ progesterone ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Kí n ka ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún láti ìgbà wo? Mi ò béèrè, ẹnikẹ́ni ò sì sọ fún mi. Mo gbà pé láti ọjọ́ tí nǹkan oṣù bá dé ni. Lóṣù àkọ́kọ́ ó dé, mo kà á, mo lò ó. Lẹ́yìn ìyẹn, mo dúró, mo dúró, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá kọjá, jẹ́ẹ̀lì ò yẹ̀ láràárọ̀, progesterone ò sì bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó wá dé, ọjọ́ mọ́kànlá ló fi ya. Mo ń tẹ́ aṣọ ìnura sórí àga ọkọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Wọ́n fi ẹ̀rọ wo inú mi, wọ́n gé díẹ̀ lára awọ ilé ọmọ lọ yẹ̀ wò, mo sì dúró de èsì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mi ò lè ṣàlàyé oorun mi fún ẹnikẹ́ni. Kò sí nǹkan burúkú níbẹ̀, Ọlọ́run ṣeun. Ṣùgbọ́n ó dùn mí, torí pé gbólóhùn kan péré ni ì bá gbà mí lọ́wọ́ gbogbo rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kan ló wá sọ gbólóhùn náà. Ó yọ kàlẹ́ńdà lára ògiri rẹ̀, ó gbé e sórí itan mi, ó ní, "Má dúró de ara rẹ mọ́. Ìwọ ni kó o máa ka ọjọ́." Ó fi bírò yí 1 sí 14 ká. Lóṣooṣù, láti ọjọ́ kìíní títí dé ọjọ́ kẹrìnlá, hóró progesterone méjì lálẹ́, àpapọ̀ wọn 200 mílígíráàmù, yálà nǹkan oṣù dé o, kò dé o. Tó bá dé láàárín rẹ̀, mi ò ní dáwọ́ dúró, màá kọ ọ́ sílẹ̀, màá sì máa lò ó lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, lẹ́yìn tí mo bá parí ti ọjọ́ kẹrìnlá ni ẹ̀jẹ̀ máa ń wá. Láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ lè máa já wá láìròtẹ́lẹ̀. Tó bá ju ìyẹn lọ, tàbí tó bá ń ya púpọ̀, kéèyàn padà lọ rí dókítà. Àwọn kan wà tí wọ́n fi Mirena, ohun kékeré kan tó ń tú họ́mọ̀nù jáde, sí nínú ilé ọmọ, òun á máa ṣiṣẹ́ progesterone fún ọdún márùn-ún, kíka ọjọ́ ò kan irú wọn. Lílo méjèèjì pọ̀ lójoojúmọ́ láìsinmi, ti ẹni tó ti lo odidi ọdún kan láìrí nǹkan oṣù ni.

Ẹ má sì gbàgbé pé oògùn yìí kì í dènà oyún. Ọ̀rẹ́ mi kan rò pé ó ń ṣe méjèèjì.

Ẹ̀gbọ́n mi bi mí lónìí bóyá kì í fa jẹjẹrẹ ọmú. Mi ò purọ́ fún wọn. Àpapọ̀ méjèèjì máa ń mú kí ewu yẹn lé díẹ̀, bí ọdún téèyàn fi lò ó bá sì ṣe pọ̀ tó ló ṣe ń lé. Ẹni tó bá ti ní in rí gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù tó wà nílẹ̀, ìwádìí ńlá lórí irú oògùn yìí tí wọ́n dá dúró ní Amẹ́ríkà ní 2002 ló dá púpọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Oògùn gbígbé mì ni àwọn obìnrin yẹn lò, ọ̀pọ̀ wọn sì ti lé ní ọgọ́ta ọdún. Ní ti kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan, èyí tí à ń fi pa ara kì í fà á bí èyí tí à ń gbé mì ṣe lè fà á.

Ohun tó ṣòro fún mi ni kí n fi kàlẹ́ńdà rọ́pò ara mi. Láti ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ara mi ló ń sọ fún mi pé oṣù ti yí. Mo sunkún ní ilé ìwòsàn yẹn. Nọ́ọ̀sì náà rò pé ẹ̀rù ló ń bà mí.

Ọjọ́ kìíní lòní. Ẹ̀gbọ́n mi gbé iyán wá ní aago mẹ́jọ, mo jẹ díẹ̀, torí pé kò yẹ kéèyàn jẹun sún mọ́ ìgbà tó máa lo hóró yìí, ó yẹ kó tó wákàtí méjì. Ìyá mi bi mí pé kí ni mò ń dúró de tí mi ò tíì sùn. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún wọn, láti 1 dé 14. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọn ò fìgbà kan gé mi lọ́rọ̀. Wọ́n jáde lọ sí ilé ìdáná. Nígbà tí wọ́n padà, èédú wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ti ilẹ̀kùn, wọ́n fa ìlà kan sẹ́yìn rẹ̀, lórí ọ̀dà tuntun tí àbúrò mi kùn fún ọdún.

Mo ti gbé hóró méjèèjì mì báyìí. Ó máa ń kun èèyàn lóorun, ẹ jẹ́ kí n pa ẹ̀rọ yìí. Ó dàárọ̀ o.