Èwo la kọ́kọ́ ń ṣe? Bí a ṣe ń tú ìṣirò tó ní àmì púpọ̀

Ẹ káàbọ̀. Ẹ mú ìwé àti bírò sí tòsí, torí wíwò nìkan kò tó fún iṣẹ́ yìí.

Ìṣirò àkọ́kọ́ ló wà lójú pátákó yìí: 8 + 2 × 5. Ẹni tó bá kàn ń bá a lọ láti apá òsì sí apá ọ̀tún yóò ní 8 àti 2 jẹ́ 10, 10 lọ́nà 5 jẹ́ 50. Kò rí bẹ́ẹ̀. 18 ni ìdáhùn rẹ̀. Ohun tó fà á ni pé 2 × 5 túmọ̀ sí 5 lọ́nà méjì, ìyẹn 5 + 5. Bí a bá tú u sílẹ̀, 8 + 5 + 5 ló wà níwájú wa. Níbo ni 50 fẹ́ gbà jáde níbẹ̀?

Bí ìsọdipúpọ̀ ṣe rí sí àròpọ̀ ni agbára, ìyẹn nọ́ńbà kékeré tí a ń kọ sókè bíi 2 nínú 3², náà ṣe rí sí ìsọdipúpọ̀. 2 × 3² túmọ̀ sí 2 × 3 × 3, èyí tó jẹ́ 18. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣe 2 lọ́nà 3, tó ní 6, tó wá gbé 6 sí agbára 2, 36 ló máa bá pàdé, torí ó ti fún 2 ní agbára tí ẹnikẹ́ni kò fún un.

Ìlànà náà nìyí. Ẹ kọ́kọ́ parí ohun tó wà nínú àkámọ́, tí àwọn kan ń pè ní brákẹ́ẹ̀tì. Agbára àti gbòǹgbò (√) ló tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, pínpín àti ìsọdipúpọ̀. Àròpọ̀ àti ìyọkúrò ló kẹ́yìn. Ìpele mẹ́rin ni. BODMAS ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń rántí rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì: B ni àkámọ́, O ni agbára, D ni pínpín, M ni ìsọdipúpọ̀, A ni àròpọ̀, S ni ìyọkúrò. Ẹ má jẹ́ kí lẹ́tà mẹ́fà tó wà nínú rẹ̀ mú yín rò pé ìpele mẹ́fà ni, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pàdánù máàkì.

Nínú BODMAS, D ló ṣáájú M. Nínú PEMDAS, tí wọ́n ń kọ́ ní Amẹ́ríkà, M ló ṣáájú D. Síbẹ̀, ìdáhùn kan náà ni ẹni tó mọ èyí àti ẹni tó mọ tọ̀hún gbọ́dọ̀ rí. Ọgbọọgba ni pínpín àti ìsọdipúpọ̀. Èyí tí ẹ bá kọ́kọ́ bá pàdé láti apá òsì ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe. Ẹ wo 48 ÷ 6 × 2. 48 pín sí ọ̀nà 6 jẹ́ 8, 8 lọ́nà 2 jẹ́ 16. Ẹni tó bá sáré ṣe 6 × 2 yóò pín 48 sí ọ̀nà 12, yóò sì ní 4.

Bákan náà ni àròpọ̀ àti ìyọkúrò. 20 − 8 + 3 jẹ́ 15. Ẹni tó rò pé A gbọ́dọ̀ ṣáájú S yóò ro 8 àti 3 pọ̀ sí 11, yóò wá ní 9. Àṣìṣe yìí ló wọ́pọ̀ jù, mo sì rò pé BODMAS fúnra rẹ̀ ló ń dá a sílẹ̀. Ohun tó ń gbani níbẹ̀ ni pé kí ẹ ka àmì mọ́ nọ́ńbà tó wà lápá ọ̀tún rẹ̀. Òun ló ni ín. 8 ló ni àmì ìyọkúrò yẹn. 3 kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká gbé èyí tó gùn díẹ̀:

40 − [3 × (7 − 5)³ + 24 ÷ 6 × 2] + 5

Àkámọ́ méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú èkejì. Ti inú pátápátá la ń kọ́kọ́ ṣe. 7 − 5 jẹ́ 2. Ẹ kọ ìlà tuntun, kí ẹ sì da gbogbo ohun tí ẹ kò tíì fọwọ́ kàn kọ bó ṣe wà:

40 − [3 × 2³ + 24 ÷ 6 × 2] + 5

A ṣì wà nínú àkámọ́ onígun. Àwọn ìpele tó kù máa bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, bíi pé kò sí nǹkan kan níta. Agbára ló kàn: 2³ jẹ́ 2 × 2 × 2, ìyẹn 8. Kì í ṣe 6 o. 2 × 3 kọ́ ni.

40 − [3 × 8 + 24 ÷ 6 × 2] + 5

Àmì àròpọ̀ tó wà láàárín pín inú àkámọ́ sí apá méjì. 3 × 8 jẹ́ 24. Ní apá kejì, 24 ÷ 6 jẹ́ 4, 4 × 2 jẹ́ 8.

40 − [24 + 8] + 5
40 − 32 + 5
8 + 5
13

Bó bá jẹ́ 19 ni ẹ ní, ẹ ti ṣe 6 × 2 kí ẹ tó pín. Bó bá jẹ́ 3, ẹ ti ro 32 àti 5 pọ̀ kí ẹ tó yọ wọ́n kúrò.

Nípa bí a ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀: mo máa ń rí irú èyí nínú ìwé akẹ́kọ̀ọ́, 8 + 2 × 5 = 2 × 5 = 10 + 8 = 18. Òótọ́ ni 18 tó wà ní ìparí, ṣùgbọ́n ohun tí ìlà náà ń sọ ni pé 18 àti 10 dọ́gba. Àmì = kì í ṣe "ohun tí mo fẹ́ ṣe báyìí ni". Ìgbésẹ̀ kan, ìlà kan. Ẹni tó bá ń fo ìlà láti dín ìwé kù ni nọ́ńbà máa ń sọnù mọ́ lọ́wọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún òdì àti agbára. −3² jẹ́ −9, torí 3 nìkan ni agbára dì mú. (−3)² ló jẹ́ 9. Bí àkámọ́ bá sì tú jáde ní òdì, ẹ má jù ú nù: 15 − (4 − 6) jẹ́ 15 − (−2), ìyẹn 17, kì í ṣe 13.

Àwọn àkámọ́ kan tún wà tí a kì í rí. Ìlà ìdá jẹ́ ọ̀kan. Bí 18 + 6 bá wà lókè, tí 7 − 4 sì wà nísàlẹ̀, ẹ parí òkè, ẹ parí ìsàlẹ̀, kí ẹ tó pín: 24 ÷ 3, tó jẹ́ 8. Bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí ìlà kan, (18 + 6) ÷ (7 − 4) ni kí ẹ tẹ̀. Bí ẹ bá yọ àkámọ́ yẹn, 6 ÷ 7 nìkan ni ẹ̀rọ yóò pín. Ìlà orí gbòǹgbò náà ń ṣe iṣẹ́ kan náà: √(9 + 16) jẹ́ √25, ìyẹn 5. Ẹni tó bá ní 7 ti tú u sí 3 + 4.

Ẹ̀rọ ìṣirò náà kò ṣeé fọkàn tán tán. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn kékeré máa ń ṣe é bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, wọ́n á sì gbé 50 fún yín lórí 8 + 2 × 5. Nínú Excel, ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà tó ń fi ^ kọ agbára, =-3^2 máa fún yín ní 9, torí pé Excel so òdì mọ́ 3 kó tó gbé e sí agbára. Ẹ kọ =-(3^2). Ti 6 ÷ 2(1 + 2) tí wọ́n máa ń fi jà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ńkọ́? Ẹ̀rọ kan á ní 9, òmíràn á ní 1, torí àwọn kan gbà pé 2 tó lẹ̀ mọ́ àkámọ́ gbọ́dọ̀ ṣáájú pínpín. Lójú tèmi, ẹni tó kọ ọ́ ló jẹ̀bi. Kó fi àkámọ́ kan sí i, ìjà parí.

Ẹ dá fídíò dúró, kí ẹ ṣe èyí:

6 + 2 × [20 − (1 + 3)² ÷ 8 × 2]

Ṣé ẹ ti ṣe tán? 38 ni. Ẹni tó bá ní 44 ti ṣe 8 × 2 ṣáájú pínpín. Ẹni tó bá ní 41 ti gbé 3 nìkan sí agbára 2, ó sì fi 1 sílẹ̀. Ẹni tó bá ní 128 ti ro 6 àti 2 pọ̀ níbẹ̀rẹ̀. Kó padà síbi 8 + 5 + 5.