Ta Ló Lé Ọ Nílé? Pípàgọ́ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, Láti Abẹ́ Olúmọ Dé Etí Òkun

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó o. Láti Abẹ́òkúta ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi pé mo ń lọ sí kámpù, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé ti Rídíìmù ni?" Mo ní rárá, mà. Wọ́n ní, "Àbí ti àgùnbánirọ̀ ní Ṣágámù?" Èmi tí mo ti lé lógójì ọdún! Mo wá là á yé wọn pé inú igbó ni mo fẹ́ pàgọ́ sí, kí n sùn níbẹ̀ fún òru méjì, kí n máa wo igi, kí n máa gbọ́ ohùn ẹyẹ. Wọ́n wò mí títí. "Ọlọ́dẹ ló ń sun inú igbó. Ta ló lé ọ nílé?"

Ẹ má fi ìbéèrè yẹn rẹ́rìn-ín, nítorí òun gan-an ni ìtàn ìlú yìí. Ogun ló lé àwọn Ẹ̀gbá nílé. Ní 1830, Ṣódẹkẹ́ kó wọn dé ibí, abẹ́ àpáta Olúmọ ni wọ́n sì forí pamọ́ sí. Wọ́n sùn sínú ihò àpáta, wọ́n dáná níbẹ̀. Ojú ihò tí wọ́n fi ń lọ nǹkan jíjẹ ṣì wà lára òkúta títí dòní. Ẹ tún wo máàpù ìpínlẹ̀ wa, ẹ ó rí Àgọ́-Ìwòyè. Kí ni àgọ́? Ibùdó tí èèyàn tẹ̀ dó pé òun ò ní pẹ́ níbẹ̀. Wọ́n pẹ́. Ó ti di ìlú tó ní yunifásítì.

Nítorí náà, Olúmọ ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ó ga tó mítà 137 sí ojú òkun, lífítì sì wà fún ẹni tí orúnkún ń dùn, ṣùgbọ́n ẹ bá mi fi ẹsẹ̀ gùn ún. Tí ẹ bá dé òkè, ẹ ó rí òrùlé páànù pípọ́n tó tẹ́ lọ rẹrẹ, ẹ ó rí odò Ògùn tó gba àárín ìlú kọjá. Ẹ má pàgọ́ sórí ẹ̀ o! Ojúbọ wà níbẹ̀, àwọn ìyá àgbà tó ń tọ́jú rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ẹ kí wọn, ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí Ìtòkú, ẹ ra aṣọ àdìrẹ kan tó nípọn díẹ̀. Mo mọ ohun tí mo ń sọ: òtútù ọ̀yẹ́ nínú igbó kò mọ ọmọ Abẹ́òkúta yàtọ̀. Ẹni tó ń bọ̀ láti Èkó tàbí Ìbàdàn lè wọ rélùwéè, kó bọ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ Wole Soyinka ní Láderin.

Dáàmù Ọ̀yán kò jìnnà sí wa. Ní 1983 ni wọ́n ṣí i, láti máa fi omi ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta àti Èkó. Adágún náà tẹ́jú, àwọn apẹja ń wa ọkọ̀ lórí rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, òṣùpá sì dára níbẹ̀ ju ibi tí iná ìlú wà lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má lúwẹ̀ẹ́, ẹ má fẹsẹ̀ lásán wọ etí omi. Àtọ̀sí ajá wà níbẹ̀. Aràn kan tó ń gbé inú ìgbín odò kéékèèké ló ń fà á. Tó bá jáde sínú omi, ara èèyàn ló ń gbà wọlé, ẹni tó mú á bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ẹ̀jẹ̀. Ìkejì, ní ìgbà tí òjò bá pọ̀, wọ́n máa ń tú omi dáàmù sílẹ̀, ìsàlẹ̀ odò á sì kún. Ẹni tó bá pàgọ́ sí bèbè odò Ògùn ní oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá, ó fẹ́ bá omi lọ ni.

Ká lọ sí Ìjẹ̀bú. Ní Òkè-Ẹ̀rì, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, yàrà kan wà tí wọ́n ń pè ní Eredo, tí wọ́n so mọ́ orúkọ Bílíkísù Ṣùngbọ́. Mo ti gbọ́ nípa rẹ̀ láti kékeré, mo rò pé gọ́tà ńlá kan ni. Yàrà náà àti odi rẹ̀ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká tó nǹkan bí 160 kìlómítà; ibi tó jìn jù lára rẹ̀ tó 20 mítà. Ọwọ́ ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Nígbà tí mo dúró nísàlẹ̀, ògiri amọ̀ hù ewédò lápá ọ̀tún àti lápá òsì, igi pa orí rẹ̀ dé, ọ̀sán gangan sì tutù bí ìdájí. Àwọn kan ní Bílíkísù yìí ni ọbabìnrin Ṣébà tó lọ kí Sólómọ́nì. Tèmi ni pé ọjọ́ orí yàrà náà kò bá ti Sólómọ́nì mu rárá. Àwọn awalẹ̀pìtàn rí i pé kò lè ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún lọ. Ìyẹn kò ní kí àwọn olùjọ́sìn má lọ síbi ibojì rẹ̀ lọ́dọọdún. Tí ẹ bá sì lọ lẹ́yìn Iléyá, Ojúde Ọba máa ń bọ́ sí ọjọ́ kẹta ọdún. Ẹṣin ni ẹ ó rí níjọ́ náà, ẹ ò ní rí ilé oorun.

Ibi tí mo tìtorí rẹ̀ jáde nílé ni igbó Omo.

Ẹ gba ọ̀nà Ṣágámù sí Ọrẹ, ẹ kọjá Ìjẹ̀bú-Òde, títí ẹ ó fi dé apá ibi tí wọ́n ń pè ní J4. Láti 1925 ni ìjọba ti fòfin de igbó náà. Ó fẹ̀ ju ìdámẹ́ta Ìpínlẹ̀ Èkó lọ. Ní 1946, wọ́n ya ibì kan sọ́tọ̀ láàárín rẹ̀, pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi níbẹ̀. Ní 1977, UNESCO fi gbogbo igbó náà sára àwọn igbó àgbáyé tó yẹ kí wọ́n tọ́jú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣe ń wọlé, igi melina ni ẹ ó kọ́kọ́ rí, tó tò gbọọrọ bí ọmọ ilé ìwé lórí ìlà. Wọ́n gbìn ín láti máa fi ṣe bébà ní Ìwópin. Bébà náà kò rí bí wọ́n ṣe rò, melina kò sì lọ síbì kankan. Ẹ kọjá wọn. Igbó gidi wà níwájú.

Erin ń gbé níbẹ̀. Erin inú igbó, tó kéré sí ti pápá oko, tí eyín rẹ̀ tọ́ sísàlẹ̀. Àwọn àgbà ní àjànàkú kọjá "mo rí nǹkan fìrí"; ní Omo, fìrí gan-an kò tó ẹ lọ́wọ́. Òru ni wọ́n ń rìn jù, igbó sì dí. Ohun tí ẹ ó rí ni ojú ẹsẹ̀ wọn nínú ẹrẹ̀, tó fẹ̀ bí àwo ìjẹun, àti ìgbẹ́ wọn. Ẹni tó mú mi lọ fi igi tú ìgbẹ́ náà wò: kóró òro ló kún inú ẹ̀, kóró tí a ń fi se ààpọ̀ nílé. Bí erin bá jẹ ẹ́ níhìn-ín, ọ̀nà jíjìn ló máa ń yàgbẹ́ rẹ̀ sí, igi tuntun á hù. Erin ni àgbẹ̀ igbó náà. Àwọn àgbẹ̀ kòkó pẹ̀lú wà níbẹ̀ o, oko wọn ń wọnú sí i, erin á bọ́ sínú oko, ìjà á bẹ̀rẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, mo ń retí ohùn òwìwí. Ẹ̀rọ agégi ni mo gbọ́, láti ibi jíjìn.

Ìjàlọ ni mo tún rí. Ìjàlọ kì í kan ilẹ̀kùn. Wọ́n gba abẹ́ àgọ́ mi kọjá ní bí aago méjì òru, ìhòòhò ni mo fò jáde. Ẹ wo ilẹ̀ dáadáa kí ẹ tó na àgọ́, ẹ jìnnà sí ipa ọ̀nà wọn, ẹ fi eérú yí ibi tí ẹ bá sùn sí ká.

Ẹ ò kàn lè wọ igbó Omo bẹ́ẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni ín. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ igbó, ẹ mú ẹ̀ṣọ́ igbó dání, ẹ kí baálẹ̀ abúlé tó bá súnmọ́ yín. Ọ̀sán ni kí ẹ rìn: àwọn ajínigbé ti ba ọ̀pọ̀ ọ̀nà jẹ́, n kò ní purọ́ fún yín. Oṣù kejìlá sí ìkejì ló dára jù, torí ojú ọ̀nà á ti gbẹ. Ẹ mú néètì ẹ̀fọn, tọ́ọ̀ṣì méjì, omi púpọ̀. Ní ti oúnjẹ, gàrí Ìjẹ̀bú, ẹ̀pà àti ẹja yíyan tó. Ẹ má da ara yín láàmú.

Òkun ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ pé Ògùn ní òkun. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside, tí olú rẹ̀ wà ní Àbígí, ẹ ó wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá ọ̀sà, àwọn apẹja á gbé yín dé etí iyanrìn. Ìgbì ibẹ̀ le, ẹ wò ó ni, ẹ má wọ̀ ọ́. Ẹ wọ ẹ̀wù ìléfòó kí ọkọ̀ tó gbéra, ẹ sì ti bá ọlọ́kọ̀ sọ aago tí yóò padà wá gbé yín. Erékùṣù Tongeji ní Ìpokíà, lápá ọ̀dọ̀ àwọn Ègùn, yẹ kí n ya fídíò tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Nígbà tí mo délé, ìyá mi kò béèrè òkun, wọn kò béèrè yàrà. Wọ́n ní, "Erin ńkọ́?" Mo ní mo rí ìgbẹ́ rẹ̀.

"O sun inú igbó òru méjì, ìgbẹ́ lo rí."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n na ọwọ́: "Mú fóònù wá, jẹ́ n wò ó."